A Kì Í Ru Ẹran Erin Ká Tún Máa Fẹsẹ̀ Wa Ìrẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í ru ẹran erin lórí ká tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Òwe yìí ti wà nílẹ̀ wa kí ìwé mímọ́ tó dé, síbẹ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ wàásù fún onígbàgbọ́ lórí ìfaradà, òwe yìí nìkan tó o ṣe ìwàásù. Ẹran erin ti wúwo tó. Ọrùn ń dun ẹni tó rù ú, ilé sì tún jìnnà. Ìrẹ̀ inú ihò náà kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Bí a bá yan án, ó dùn ún jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró wa ìrẹ̀, ilẹ̀ á ṣú bá a lọ́nà, ẹran orí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ mọ̀ pé ìrẹ̀ ayé òde òní kò lóǹkà. Ẹni tó kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, fóònù á dún nínú àpò rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ka Bíbélì ní òwúrọ̀ Sátidé, aṣọ ẹbí ti wà nílẹ̀, ìnáwó mẹ́ta ló sì ń dúró dè é, ọ̀kan ní Ìkẹ̀rẹ́, ọ̀kan ní Ìsẹ̀, ọ̀kan ní Èmùré. Bí ọjọ́ Ìsinmi bá dé, bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí ìbò bá ń bọ̀, olóṣèlú á ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tó jẹ́ olè jíjà tàbí ìpànìyàn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà, nítorí pé ohun tí kò burú kì í jẹ́ kéèyàn fura.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òní. Ìtàn ilẹ̀ Èkìtì àti àdúgbò rẹ̀ kún fún àwọn èèyàn tó sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n lè rìn jìnnà nínú ìgbàgbọ́ tí wọ́n gbà. Ó yẹ ká wo díẹ̀ nínú ìtàn náà, ká wò ó dáadáa, torí pé àwọn baba wa ju ohun púpọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n jù sílẹ̀ ló jẹ́ ẹrù lóòótọ́.

ÀWỌN TÓ TI OKO ẸRÚ BỌ̀

Gbogbo wa la gbọ́ nípa ogun Kírìjì, èyí tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà láti nǹkan bí ọdún 1877. Ọdún 1886 ni àwọn àlùfáà dúdú méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín bùdó ogun méjèèjì títí tí àwọn ọba àti àwọn jagunjagun fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà. Phillips yìí ti wà ní Oǹdó láti ọdún 1877, òun ni ọ̀pọ̀ ìlú ní ìhà ibí kọ́kọ́ mọ̀ sí oníwàásù. Ní 1893 ni wọ́n fi òun àti Isaac Olúwọlé jẹ bíṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù ló gbé ìgbàgbọ́ wọ abúlé. Àwọn ẹrú ló gbé e wọlé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì tí ogun kó lọ ti bá ara wọn ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó, níbi tí wọ́n ti gbọ́ ìwàásù, tí àwọn míì sì kọ́ ìwé kíkà. Nígbà tí ogun parí, wọ́n padà wálé. Ìsáàkì Babamúbọ̀ni jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, òun ni wọ́n ka ìbẹ̀rẹ̀ ìjọ sí lọ́rùn ní Adó-Èkìtì.

Ẹ fi ara yín sípò irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti kúrò nílé. Ìyá rẹ̀ ti ń sunkún pé bóyá ó ti kú. Ó padà dé, ayọ̀ kún ilé, wọ́n pa ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ ọdún ìdílé, tí gbogbo ẹbí fẹ́ lọ síbi òrìṣà, ó ní òun kò bá wọn lọ. Ta ni kò ní bínú sí i?

Ẹ wo Ìkẹ̀rẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti Àkúrẹ́ ń bọ̀ wá sí Adó á rí àwọn àpáta ńlá tó yí ìlú náà ká, Olósùnta àti Orólé. Olósùnta kì í ṣe òkè lásán lójú àwọn ará ìlú. Wọ́n ń bọ ọ́, ọdọọdún ni wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀, wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní. Nígbà àtijọ́, ọjọ́ ọdún bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó wà lóko ń wálé, ọjọ́ náà ni wọ́n ń parí ìjà, ọjọ́ náà ni ọ̀dọ́kùnrin ń fojú rí ọmọbìnrin tó máa fẹ́. Onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ tó bá ní òun kò lọ, kì í ṣe òrìṣà nìkan ló kọ̀. Oúnjẹ ìyá rẹ̀, ijó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀rín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń wò láti òkèèrè.

Ohun tí mo fẹ́ ká dì mú níbí ni pé ohun tó lè fa àwọn èèyàn yẹn sẹ́yìn kì í ṣe ohun tí wọ́n kórìíra. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn ni. Ẹni tó kórìíra ẹ̀wọ̀n kò nílò ìfaradà láti má ṣe wọ ọ́. Ibi tí ìfẹ́ wà ni ìjàkadì wà.

KATAPÍLÀ DÁKẸ́ SÍ OJÚ Ọ̀NÀ

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọkùnrin kan tí kò sí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Èkìtì, Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1904 ni wọ́n bí i ní Odò-Ọwá, lẹ́bàá Ìlọfà, ní ibi tí à ń pè ní ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, tí kò jìnnà sí ààlà Èkìtì. David Rótìmí, bàbá rẹ̀, jẹ́ ènìyàn pàtàkì nínú ìjọ C.M.S. níbẹ̀. Ọmọ náà kàwé dé ìwé kẹrin, ó kúrò, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Láti ibi iṣẹ́ irin ló ti bọ́ sí iṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún 1928, iléeṣẹ́ P.W.D., àwọn tó ń la ọ̀nà fún ìjọba, gbà á láti máa wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ títì, èyí tí àwọn èèyàn wa ń pè ní katapílà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ ayé ìgbà náà, ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Mọ́tò ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó ń wa mọ́tò lásán, àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé e, ká má tíì wá sọ ẹni tó ń wa ẹ̀rọ tí ilẹ̀ ń mì bó bá ń kọjá. Owó oṣù ń wọlé déédéé lọ́wọ́ ìjọba, òjò ìbáà rọ̀ kó má rọ̀. Ọmọ alágbẹ̀dẹ tó dé ibẹ̀ lọ́mọ ọdún 24 ti dé ibi tí ọ̀pọ̀ ń fẹ́ dé.

Oṣù Kẹwàá ọdún 1928 yẹn ló ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà tó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń ròyìn rẹ̀, ẹ̀rọ náà dákẹ́ lójijì ní ọ̀sán gangan. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí ohun tó ṣe é. Ó wá gbọ́ ohùn kan tó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì sọ fún un pé kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó lọ máa wàásù. Ó fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Àdúgbò Ìkeji-Arákejì ni àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ mọ̀ sí ibi tí ìpè náà ti wáyé, ibẹ̀ sì ni wọ́n dá yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè sílẹ̀ sí ní ọdún 2006.

Ẹni tó bá fẹ́ gbà gbọ́ pé Ọlọ́run ló sọ̀rọ̀, kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, ìtàn ṣì wà níwájú rẹ̀ pé ọkùnrin kan fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ láì sí ẹni tó lé e. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni èyí: ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà nínú katapílà?

Kò sí. Ọ̀nà tó ń tẹ̀ yẹn, òun ni àgbẹ̀ gbé kòkó kọjá, òun ni aláboyún gbà dé ilé ìwòsàn, òun sì ni àwọn oníwàásù náà gbà nígbà tó yá. Bí wọ́n bá ní kí onígbàgbọ́ wá iṣẹ́ ọlọ́lá, iṣẹ́ ọlọ́lá nìyẹn. Babalọlá kò sì fi ìgbà kankan sọ pé kí gbogbo awakọ̀ ìjọba fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí òun mọ̀ pé wọ́n pe òun sí. Ìrẹ̀ ni fún un, torí ẹran erin ti wà lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ nìkan kọ́ ló fi sílẹ̀, ó fi iyì sílẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó padà sí Odò-Ọwá, màrìwò ló fi bora, ó fi eérú kun ara, ó sì wọ ìlú ní ọjọ́ ọjà. Ó ń kìlọ̀ fún wọn pé ìdájọ́ ń bọ̀. Àwọn ará ìlú wò ó, wọ́n ní ọmọ Rótìmí ti ya wèrè. Ọmọ tó yẹ kó wálé nínú bàtà àti fìlà òyìnbó, tó yẹ kó na owó fún àwọn àgbà, òun ló dé nínú màrìwò yìí. Ìtìjú bẹ́ẹ̀ le ju owó oṣù lọ. Ẹlòmíì lè fi owó sílẹ̀, ṣùgbọ́n kó máà jẹ́ kí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín.

INÁ TÓ JÓ NÍ ÈFỌ̀N

Ní ọdún 1929 ni Babalọlá dara pọ̀ mọ́ àwọn ará Faith Tabernacle ní Èkó. Ní oṣù Keje ọdún 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, èrò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti ìlú dé ìlú, àwọn aláìsàn, àwọn àgàn, àwọn tó fẹ́ wòran. Láti ibẹ̀ ló ti lọ sí ìlú púpọ̀, ó sì dé Èfọ̀n-Aláayè, ní ilẹ̀ Èkìtì wa.

Nígbà tó béèrè ilẹ̀ tí wọ́n á ti máa gbàdúrà, igbó kan lẹ́yìn ìlú ni òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ mú. Igbó náà jẹ́ igbó ẹ̀rù tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀, torí àwọn ẹ̀mí tí wọ́n ní ó ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n ṣán an, wọ́n gbàdúrà níbẹ̀. Ìlú ń retí pé òkú ni wọ́n á gbé jáde. Nígbà tí ohunkóhun kò ṣe wọ́n, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣí sí ìgbàgbọ́ náà. Aláayè fúnra rẹ̀, Ọba Aládéjàre Agúnsóyè, gbà, wọ́n sì fi orúkọ Solomon ṣèrìbọmi fún un. Òkìkí náà kàn débi pé Henry Dallimore, òyìnbó C.M.S. tó dá iléèwé Christ's School sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1933, wá fojú ara rẹ̀ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Nígbà náà ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù ilé wọn jáde. Oǹdè, ìgbàdí, ère, ohun tí wọ́n ti jogún lọ́wọ́ bàbá bàbá wọn, wọ́n kó o síta, wọ́n sì sọ iná sí i.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti mọ orin. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá sùn tí kò tètè jí, adúra ni wọ́n ń gbà lẹ́nu, òǹdè ni wọ́n ń wá lábẹ́ àkéte. Ẹni tó ní ibi ìsádi méjì, kò sí èyí tó máa sá sí dáadáa lọ́jọ́ tí ìjì bá dé. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Iná Èfọ̀n, lójú àwọn tó dá a, fi òpin sí ìyẹn. Wọ́n fẹ́ mú ọ̀kan, kí wọ́n sì dúró tì í. Wọn kò lè padà lọ́jọ́ tó bá le, torí ohun tí wọn ì bá padà sí ti di eérú. A lè jiyàn lórí ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti gbìyànjú láti fi ìwà kan sílẹ̀ rí mọ̀ pé ọgbọ́n wà nínú ohun tí wọ́n ṣe yẹn.

IṢẸ́ ỌWỌ́ ỌLỌ́WẸ̀

Ṣùgbọ́n iná kì í kàwé. Ohun tí a bá jù sí i ló ń jó. Ibí yìí ló yẹ kí àwa ará Òde-Èkìtì ti ronú.

Ní Ìsẹ̀, lábẹ́ Arínjalẹ̀, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́wẹ̀. Èfọ̀n-Aláayè yẹn náà ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ààfin Ìsẹ̀ ló ti dàgbà, ibẹ̀ ló ti di agbẹ́gilére tí àwọn ọba ń ránṣẹ́ pè káàkiri. Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ̀rẹ́. Lára ilẹ̀kùn náà, ó gbẹ́ Ògògà lórí ìtẹ́ àti Captain Ambrose, òyìnbó ìjọba, tí wọ́n fi àga gbé wá kí i. Àwọn òyìnbó rí ilẹ̀kùn yìí, ẹnu yà wọ́n. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1924, ó sì di ti British Museum. Wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ṣe pààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Òpó kan láti ààfin kan náà wà ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, títí dòní. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní Èfọ̀n pàápàá, Agbọ́nbíofẹ́, ẹni tó gbẹ́ òpó ààfin Aláayè, wà láàyè títí di 1945.

Ọlọ́wẹ̀ kò gbẹ́ ilẹ̀kùn Ògògà kí ẹnikẹ́ni máa wólẹ̀ fún un. Ìtàn ló gbẹ́ sí i. Bó bá jẹ́ pé inú ilé àwọn tó ń kó ẹrù jáde ní 1930 ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, ta ló máa dúró yà á sọ́tọ̀ láàárín ariwo àti èéfín? Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá ni ère ti jóná lásìkò ìsọjí, kò sì sí ẹni tó kọ orúkọ ohun tó jóná sílẹ̀. Ọmọ wa tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ baba ńlá rẹ̀ lónìí, ó lè di dandan kó gba físà.

Ọ̀nà mìíràn wà, Èkìtì kan náà la sì ti rí i. Ní ọdún 1947, àwọn fádà Ìjọ Àgùdà, Kevin Carroll àti ẹnì kejì rẹ̀, dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Wọ́n pe agbẹ́gilére George Bámidélé, ẹni tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì, wọ́n ní kó fi àáké àti ọ̀bẹ tó jogún gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ìtàn inú Bíbélì. Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí ni Làmídì Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí, ti kọ́ṣẹ́ kí òkìkí rẹ̀ tó kàn ká ayé. Àwọn wọ̀nyí kò ka àáké sí ẹrù. Wọ́n yí ojú rẹ̀ padà ni.

Ẹ wo ìyá tó ń ti oko bọ̀. Igi ìdáná wà lórí rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí òkè bá fẹ́ le jù fún un, ó lè sọ igi kalẹ̀, kó padà wá gbé e lọ́la. Méjèèjì ló wúwo, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tí orí rẹ̀ pé tó máa tú ọ̀já, kó sọ ọmọ kalẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, kó ní òun fẹ́ tètè délé.

Ọ̀RỌ̀ KUNÍÌNÌ

Ẹ jẹ́ ká tún wo ọ̀kan sí i, torí òun ló le jù. Ìgbà tí àjàkálẹ̀-àrùn ńlá ọdún 1918 dé, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kú, àwọn onígbàgbọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti máa gbàdúrà. Joseph Shádàrè àti ọ̀dọ́bìnrin tíṣà kan, Sophia Odùnlàmí, wà lára wọn. Wọ́n pinnu pé àdúrà nìkan làwọn ó gbójú lé. Kò sí òògùn ìbílẹ̀, kò sí ti òyìnbó. Ìjọ C.M.S. kò fara mọ́ ọn, ní 1922 wọ́n ya. Lára wọn ni àwọn tí Babalọlá dara pọ̀ mọ́ lẹ́yìn náà ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ ò rí i pé ìpinnu wọn àti iná Èfọ̀n jọ ara wọn? Wọ́n fẹ́ ibi ìsádi kan ṣoṣo. Kò sì yẹ ká fi wọ́n ṣẹ̀sín, torí nígbà náà, àwọn dókítà pàápàá kò ní oògùn tó lè wo àrùn 1918.

Àmọ́ nígbà tó yá, ohun tí wọ́n jù sílẹ̀ di ohun tí wọ́n ń rù. Ní 1931 ni àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé, tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ará wa fi mọ̀ pé àwọn òyìnbó yìí ń lo kuníìnì kí ibà má bàa pa wọ́n. Ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ta ni yóò jẹ́ olórí náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kuníìnì ni iná ti ràn. Nígbà tó fi di 1943, àwọn tó yà ti fi orúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àwọn yòókù dúró sí Apostolic Church. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jiyàn lórí ẹni tó gbé oògùn mì àti ẹni tí kò gbé e mì.

Gbogbo wa mọ̀ lónìí pé ẹ̀fọn ló ń gbé kòkòrò ibà wọ ara, kuníìnì sì máa ń pa kòkòrò náà. Ẹni tó lo oògùn kò sẹ́ Ọlọ́run. Ẹni tó bá fi ọmọ rẹ̀ tó ń gbóná sílẹ̀ láìtọ́jú, tó ní òun ń ju ìdíwọ́ sílẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tú sílẹ̀ yẹn, kì í ṣe igi orí. Ó sì dára pé ọ̀pọ̀ Aládùúrà lóde òní ló ń gbàdúrà tí wọ́n sì ń lọ sílé ìwòsàn.

ADÉ KÌ Í ṢE ÌDÍWỌ́ FÚN GBOGBO ÈÈYÀN

Bí katapílà bá di ìdíwọ́ fún Babalọlá, ṣé gbogbo ipò ayé náà ni ìdíwọ́? Aláayè Agúnsóyè ṣèrìbọmi, kò sì sọ adé kalẹ̀. Ní Ìbàdàn, Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tó kọ ìwé ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911, wà lára àwọn aṣáájú ìjọ àdúrà yìí, òun ló jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ Christ Apostolic Church. Ó ń joyè, ó ń gòkè, ní 1955 ó sì jẹ Olúbàdàn, ó wà lórí oyè títí tó fi wàjà ní 1964. Ọkùnrin méjì nínú ìjọ kan náà, ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ, èkejì gun orí ìtẹ́. Kò sí ẹni tó sọ pé ọ̀kan nínú wọn kò forí tì í.

Bí Babalọlá náà ṣe forí tì í, ẹ wò ó. Ní 1932, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní ìlú Benin nítorí ọ̀rọ̀ àwọn àjẹ́. Ó jáde, ó tún ń wàásù lọ. Ó dé Calabar, ó dé Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí. Ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1959 ló kú ní Ẹdẹ, Èfọ̀n-Aláayè ni wọ́n sì sin ín sí. Láti 1928 dé 1959 jẹ́ ọdún 31. Ọjọ́ kan péré ni sísọ̀ kalẹ̀ lórí katapílà gbà. Ọdún 31 ni rírìn náà gbà. Ẹ̀yin ará, a máa ń fẹ́ràn láti pa ìtàn ọjọ́ kan yẹn, torí ó dùn ún gbọ́. Ọdún 31 yẹn ló yẹ ká béèrè.

Kí wá ni ká ṣe? Ìtàn tí a kà yìí ti fún wa ní òṣùwọ̀n díẹ̀. Bí ohun kan bá jẹ́ kí ọkàn rẹ pín sí méjì lọ́jọ́ ìpọ́njú, bíi òǹdè abẹ́ àkéte, jù ú nù. Bí ohun kan bá dára ṣùgbọ́n tó ń jẹ àkókò tí iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ nílò, bíi katapílà, sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́, má sì bú ẹni tó ṣì ń wà á. Bí ó bá jẹ́ irinṣẹ́ tí ojú rẹ̀ ṣeé yí padà, bíi àáké Bándélé, yí i padà, má dáná sun ún. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀mí ọmọnìkejì rẹ ló wà níbẹ̀, ìtọ́jú ìyá tó ti darúgbó, oògùn ọmọ, owó iléèwé, má ṣe pe ìyẹn ní ìdíwọ́ láéláé.

Fóònù tó ń dún nígbà àdúrà, a lè pa á fún wákàtí kan, ayé kò ní parẹ́. Ìnáwó mẹ́ta lọ́jọ́ kan, a lè ránṣẹ́ sí méjì. Ẹni tó bínú á bínú tán. Ọ̀nà òkè yìí gùn, ẹran tó wà lórí kò sì kéré. Ẹ jẹ́ ká fi ìrẹ̀ sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀, ká fún ọ̀já ọmọ le dáadáa, ká sì máa bá ìrìn wa lọ.